Ère Ìkọ́ṣẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìfètòsọ́mọbíbí

Ère ìkọ́ṣẹ́ ni ohun tí wọ́n ṣe jọ ẹ̀yà ara kan, kí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ara ènìyàn. Nínú ìfètòsọ́mọbíbí, iṣẹ́ méjì ni wọ́n sábà ń fi ère kọ́: fífi lúùpù sínú ilé ọmọ, àti fífi implant, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dènà oyún, sí abẹ́ awọ apá. Èyí tí à ń pè ní olówó pọ́ọ́kú ni èyí tí wọ́n fi fóòmù, aṣọ, rọ́bà, páálí, kódà èso, ṣe, tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìlera kékeré lè ṣe fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹrù òkè òkun.

Iṣẹ́ méjèèjì kì í pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọwọ́ tó mọ ibi tó ń lọ. Lúùpù Copper T 380A, ike tó rí bíi lẹ́tà T tí wọ́n wé bàbà mọ́, gùn ní mìlímítà 36, ó sì fẹ̀ ní 32. Ó lè dènà oyún fún ọdún 10 sí 12 bí wọ́n bá fi í sí ipò rẹ̀. Bí wọn kò bá gbé e dé òkè ilé ọmọ, ó lè jábọ́ kí obìnrin náà má sì mọ̀. Bí ọwọ́ bá sì le jù, ó lè gún ilé ọmọ lu, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Obìnrin tó wá gba ìtọ́jú kọ́ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò.

Ìtàn

Ó ti pẹ́ tí àwọn agbẹ̀bí ti mọ èyí. Ní ọdún 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé rán agbẹ̀bí kan, Angélique du Coudray, kí ó máa lọ káàkiri ìgbèríko láti kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ère tó ń gbé kiri, aṣọ àti awọ ni wọ́n fi rán an, tí wọ́n ki nǹkan rírọ̀ sínú rẹ̀, tòun ti ọmọ tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Rouen. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló ṣe ère yìí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá.

Ilé iṣẹ́ ńlá dé nígbà tó yá. Ní ọdún 1960, Åsmund Lærdal, tó ń ṣe bèbí ìṣeré ọmọdé ní ìlú Stavanger lórílẹ̀-èdè Norway, gbé Resusci Anne jáde fún kíkọ́ bí a ṣe ń fún ẹni tí kò mí mọ́ ní èémí. Ní ti ìfètòsọ́mọbíbí, àjọ Jhpiego, tó so mọ́ Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ìlànà náà múlẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yege lára ère kí ó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin. ZOE, ère onírọ́bà tí ilé iṣẹ́ Gaumard ti Amẹ́ríkà ń ṣe, ni wọ́n ń lò níbi púpọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, dọ́là náà ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà tó bá ya. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹyọ kan ṣoṣo, kò ṣàjèjì kí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, nítorí ìbẹ̀rù kí akẹ́kọ̀ọ́ má bà á jẹ́. Ère tí a kò gbọdọ̀ bà jẹ́ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Lúùpù lára ìbẹ́pẹ

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ṣe ilé ọmọ, ìbẹ́pẹ ló rọrùn jù lọ. Maureen Paul àti Kristin Nobel kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2005 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Family Medicine, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa inú ilé ọmọ mọ́. Àwọn olùkọ́ ti ń fi í kọ́ fífi lúùpù sí pẹ̀lú.

Ìbẹ́pẹ kékeré tó ṣì le díẹ̀ ló dára. Ibi tó ti so mọ́ igi dúró fún ẹnu ilé ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi irin onéyín di ibẹ̀ mú, á ti ọ̀pá ìwọ̀n wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan òpin, á sì ka bí ó ti jìn tó. Ti ilé ọmọ obìnrin sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9. Á fi ìwọ̀n náà sí ara páìpù tó ru lúùpù. Á tẹ apá T náà wọ inú páìpù nígbà tí ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ọwọ́ má bàa kàn án. Lẹ́yìn náà ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣi ọwọ́ lò: bí páìpù bá ti dé òkè, ọ̀pá inú rẹ̀ ni wọ́n ń dì mú gbọn-in, páìpù ni wọ́n ń fà sẹ́yìn kí apá T lè ṣí. Ẹni tó bá ti ọ̀pá síwájú dípò kí ó fa páìpù sẹ́yìn lè fi lúùpù gún òkè ilé ọmọ. Níkẹyìn, á gé okùn rẹ̀ kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4.

Nígbà náà ni wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á la ìbẹ́pẹ náà sí méjì. Gbogbo ẹ̀kọ́ wà nínú lílà yìí. Bí lúùpù bá dábùú, bí ó bá kù sí ọ̀nà, tàbí bí irin bá ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ojú ara rẹ̀ rí i, olùkọ́ kò ní láti bá a jiyàn. Ère olówó gọbọi kan tí inú rẹ̀ kò ṣeé rí kò fún un ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ o: irin àti áyódíìnì ti kàn án.)

Ìbẹ́pẹ ní àbùkù tirẹ̀. Ó ń rà, ihò ni inú rẹ̀, kò sì ní agbára tí ẹran ilé ọmọ fi ń fún ọwọ́ lésì. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ọmọ kì í nà gbọọrọ: ti ẹlòmíràn tẹ̀ síwájú, ti ẹlòmíràn tẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń gbé èso náà sínú páálí ní ìdàgẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ihò kan lójú páálí tó dúró fún ojú ara, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ibi tóóró.

Apá tí wọ́n fi fóòmù ṣe

Irú implant kan ni Implanon NXT, ọ̀pá kan ṣoṣo tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó nípọn ní mìlímítà 2, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 ó kéré tán. Jadelle jẹ́ ọ̀pá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 43, ọdún 5 ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Norplant tó ṣáájú wọn, tí orílẹ̀-èdè Finland kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 1983, ọ̀pá mẹ́fà ni. Inú apá òkè, ní ọwọ́ tí obìnrin náà kì í lò jù, ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ awọ gan-an, kí ìka lè kàn án. Bí ó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè súnmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, yíyọ rẹ̀ á sì di iṣẹ́ abẹ ńlá.

Fún èyí, fóòmù tí wọ́n ká mọ́ páìpù ike lè dúró fún ẹran, kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí aṣọ tó ń nà bò ó bí awọ. Páìpù yíǹkì inú bírò tí wọ́n gé sí gígùn Jadelle tó láti fi ṣe ọ̀pá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí awọ náà máa gbé sókè nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, nítorí àmì yẹn ni ojú fi ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò tíì jìn. Bí wọ́n bá ta òwú pupa àti funfun sínú fóòmù ní ibi tí iṣan ń gbà, akẹ́kọ̀ọ́ lè ká awọ náà kúrò kí ó sì wo ohun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kàn. Fún yíyọ, itan adìẹ tó ní awọ dára ju fóòmù lọ, nítorí ọ̀bẹ ń rìn nínú ẹran gidi.

Yíyọ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ní ọdún 2013, àdéhùn kan pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe implant mú iye rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, sí dọ́là 8.50, fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ó sì tàn kálẹ̀. Gbogbo ọ̀pá tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kan. Ère tó ń kọ́ni ní fífi sí nìkan, ìdajì iṣẹ́ ló ń kọ́ni.

Lẹ́yìn ìbímọ

Wọ́n tún lè fi lúùpù sí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ibi ọmọ bá jáde, tàbí títí di wákàtí 48. Nígbà yẹn ilé ọmọ tóbi, ó rọ̀, ó sì jìn, ìbẹ́pẹ kò wúlò mọ́. Laerdal Global Health, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, ní ère kan fún èyí tí ń jẹ́ Mama-U. Télọ̀ tó gbọ́n lè rán àpò aṣọ tó ṣe irú iṣẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà

Ìwádìí ìlera Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NDHS, ti ọdún 2018, fi hàn pé ìdá 12 péré nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé láti fètò sọ́mọ bíbí nígbà náà. Láti ọdún 2014 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, àwọn CHEW, láàyè láti máa fi implant sí, kì í ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ní láti kọ́ṣẹ́, àti ní àwọn ibi tí ère òkè òkun kì í dé. Ìbẹ́pẹ, fóòmù àti télọ̀ kò wọ́n ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ère kì í sọ̀rọ̀, kì í bẹ̀rù, kì í sì í jẹ̀rora. Fún ìdí èyí, àwọn olùkọ́ kan máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan tó ń ṣe bí oníbàárà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣàlàyé, kí ó sì gba àṣẹ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn ère, lójú olùkọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe é fún obìnrin gidi. Ẹni tó bá sì rán ère tuntun, kó kọ́kọ́ gbé e lé nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bí ó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, kó tú u, kó tún un rán.