Ta Ni Baba Ńlá Yín Nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 24?

Bí baba ńlá yín bá jagun lábẹ́ South Wales Borderers, ẹ má tíì sáré lọ wá a ní Wales. Ọdún 1881 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ yẹn. Kent ni Sir Edward Dering ti kó wọn jọ ní 1689, láyé ìgbà tí ẹgbẹ́ ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀: bí ọ̀gá bá yí, orúkọ a yí. Nígbà tó yá, ìjọba fún wọn ní nọ́ńbà 24; ní 1782 wọ́n so Warwickshire mọ́ ọn. Ó di 1873 kí wọ́n tó fi Brecon, ní Wales, ṣe ibùdó.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ní Isandlwana kì í fi ṣe ará Wales rárá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1879, ọjọ́ 11 lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kógun wọ ilẹ̀ Zulu, nǹkan bí 20,000 jagunjagun Ọba Cetshwayo ya bo àgọ́ wọn níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ 24 nìkan, ó lé ní 500 tí kò bọ̀. Melvill, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, gbé àsíá ẹgbẹ́ gorí ẹṣin, ó forí lé odò Buffalo. Omi já àsíá gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n sì pa òun àti Coghill ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì odò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí àsíá náà nínú omi. Ní 1880, Ọbabìnrin Victoria fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà tó yá, wọ́n gbé e sí kàtídírà Brecon.

Lọ́jọ́ ogun Isandlwana yẹn kan náà títí di òru, nǹkan bí 150 ènìyàn, aláìsàn wà nínú wọn, kò jẹ́ kí ibùdó ogun wọn ní Rorke's Drift bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pín àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross 11 níbẹ̀, 7 jẹ́ ti ẹgbẹ́ 24. Fíìmù Zulu ti 1964 ní kí wọ́n máa kọrin ilẹ̀ Wales. Orin náà dùn o, àmọ́ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 24 tó wà níbẹ̀, ọmọ England ló pọ̀ jù. Òkìkí ọjọ́ yẹn ni kò sì jẹ́ kí aráyé rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ló kó ìjà wá sílé onílé.

Nípa baba ńlá yín, ìwé ni kí ẹ bi léèrè, ní National Archives tó wà ní Kew. WO 97 ni ìwé àwọn tó gba owó ìfẹ̀yìntì: ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, bó ṣe ga tó, àwọ̀ irun rẹ̀ àti ti ẹyinjú rẹ̀. Ẹni tó kú sójú ogun kò fẹ̀yìn tì, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Ìwé orúkọ àti owó oṣù ni kí ẹ tú, WO 12 àti WO 16.

Ní 1969 wọ́n da ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Welch Regiment. Láti 2006, abẹ́ Royal Welsh ló wà. Ìwé àwọn tó ja ogun 1914 ló le rí. Bọ́ǹbù Jámánì dáná sun ilé ìkówèésí ní London ní oṣù Kẹsàn-án 1940, ó jó ju ìdajì ìwé àwọn ọmọ ogun náà lọ. Káàdì àmì ẹ̀yẹ wọn kò bá a jóná. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.