Orin Urdu Ayé Àtijọ́ àti Ìdí tí Kò Fi Gbó

Ní ọdún 2018, ètò orin kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè Pakístàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Coke Studio, gbé orin àtijọ́ kan jáde ní ọ̀tun. Òṣèré ọkùnrin kan àti akọrin obìnrin kan ni wọ́n jọ kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta. Àwọn àgbà ní wọ́n ti ba orin jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde bá wọn pariwo, kódà ẹnìkan tí ó wà nípò mínísítà nínú ìjọba bọ́ sí gbangba láti bẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n ṣe. “Ko Ko Korina” ni orúkọ orin tí wọ́n ń jà lé lórí yìí. Ọdún 1966 ni ó jáde, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ti kú láti ọdún 1983. Kì í ṣe orin ẹ̀sìn, kì í ṣe orin ogun, kì í sì í ṣe oríkì ìlú. Orin ọmọkùnrin tí ń ròyìn ọmọge tí ó gbà á lọ́kàn ni, àwàdà ni ó sì kún inú rẹ̀. Báwo ni irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ohun tí tọmọdé tàgbà ń bínú nítorí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta?

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ ni irú èdè tí Urdu jẹ́. Lẹ́tà Lárúbáwá tí àwọn ará Páṣíà tún ṣe ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà ọmọ ilé-kéwú ní Ìlọrin tàbí Ìwó yóò dá púpọ̀ nínú lẹ́tà náà mọ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ọ̀hún. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, Urdu àti Hindi ti ilẹ̀ Íńdíà sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan yóò gbọ́ èkejì nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n wo fíìmù Íńdíà ní ilé sinimá Ìbàdàn tàbí Èkó nígbà kan ti fi etí kan èdè tí kò jìnnà sí Urdu rárá, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá Pakístàn sílẹ̀ ní ọdún 1947, Urdu ni àwọn aṣáájú rẹ̀ fẹ́ kí ó jẹ́ èdè gbogbo orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ilẹ̀ náà, àwọn tí Urdu jẹ́ èdè abínibí wọn kò tó mẹ́wàá. Punjabi, Sindhi, Pashto, Balochi àti àwọn èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé. Kókó yìí ni àwọn tí ń yin orin àtijọ́ náà sábà máa ń fò dá. Ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti pàdé Urdu, níbi tí ó ti jẹ́ èdè ìdánwò àti ẹgba. Wọ́n tún pàdé rẹ̀ lórí rédíò, níbi tí ó ti jẹ́ èdè ìròyìn àti àṣẹ ìjọba. Inú orin ni èdè náà ti kọ́ bí a ti ń rẹ́rìn-ín. Bí awakọ̀ tí ó jẹ́ ará Peshawar àti akọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ Sindhi bá jókòó pọ̀, kò sí orin ilé baba ẹnìkan tí ẹnìkejì yóò lè gbè ní àgbèyé. Orin Urdu ni wọ́n lè jọ gbè, nítorí pé kì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Karachi, ìlú èbúté tí ó ti jẹ́ olú-ìlú Pakístàn rí, ni ìtàn orin wa yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìpínyà ọdún 1947, ọ̀kẹ́ àìmọye Mùsùlùmí tí Urdu jẹ́ èdè wọn ni wọ́n ṣí wá síbẹ̀ láti Íńdíà. Ahmed Rushdi, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1934 ní Hyderabad ti ẹkùn Deccan, wà lára wọn. Rédíò ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 1954, pẹ̀lú orin ẹ̀fẹ̀ kan tí ó ń ròyìn ìrìn-àjò inú ìlú Karachi láti Bandar Road títí dé Keamari létí òkun. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni fíìmù Armaan jáde. Ọ̀dọ́ ni àwọn tí wọ́n ṣe é: Waheed Murad ni ó náwó sí i, òun náà ni ó sì ṣe olú-ẹ̀dá-ìtàn, Pervez Malik ni olùdarí, Sohail Rana ni ó ṣètò orin, Masroor Anwar ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin. Nígbà tí wọ́n ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi hàn án ní àwọn ilé sinimá Karachi, ó pé márùndínlọ́gọ́rin, èyí tí fíìmù Urdu kankan kò tíì ṣe rí ní Pakístàn.

Rushdi kò jókòó ti ọ̀gá kankan láti kọ́ orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ọ̀hún le, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó ní ni ohùn tí ó lè rẹ́rìn-ín láàrin orin láìsọ ìlù nù. Sohail Rana fi gìtá àti ìlù òyìnbó gbè é, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń jó sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ìlù ti jẹ́ ti òyìnbó tó, ọ̀rọ̀ inú orin náà jẹ́ ọmọ ewì ìfẹ́ tí àwọn akéwì Urdu ti ń kọ láti ìrandíran: olólùfẹ́ tí kò sí nítòsí, ojú tí kò kúrò lọ́kàn, oorun tí kò wá mọ́. Masroor Anwar kàn bọ́ agbádá kúrò lọ́rùn ewì náà ni, ó wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí bàbá àti ọmọ fi lè gbọ́ orin kan náà kí olúkúlùkù sì gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni Dhaka. Ní àkókò tí à ń wí yìí, Pakístàn ní apá méjì, Íńdíà sì wà láàrin wọn. Àwọn ará apá ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń sọ èdè Bengali, lé ní ìdajì gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1948, Mohammed Ali Jinnah, olùdásílẹ̀ Pakístàn, dúró ní Dhaka, ó sì sọ fún wọn pé Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1952, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn tí wọ́n ń fẹ̀hónú hàn nítorí èdè Bengali, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àwọn tí ó kú. Ọjọ́ náà ni UNESCO sọ di Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé ní ọdún 1999. Nígbà tí ó di ọdún 1971, ogun pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Bangladesh sì jáde láti inú rẹ̀. Èdè tí àwọn ènìyàn kú kí wọ́n má baà fi jẹ lé wọn lórí ni Urdu jẹ́ ní Dhaka.

Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú orin Urdu tí kò gbó yìí ti ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Bengali wá. Dhaka ni Robin Ghosh ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò orin fíìmù Urdu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó kó lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, kò sì sá padà nígbà tí ogun dé. Ní ọdún 1977, òun ni ó ṣètò orin fíìmù Aina, Mehdi Hassan àti Nayyara Noor sì wà lára àwọn tí wọ́n kọrin níbẹ̀. Aya rẹ̀, Shabnam, tí òun náà jẹ́ ọmọ Bengali, ni olú-ẹ̀dá-ìtàn obìnrin inú rẹ̀. Fíìmù náà wà ní ilé sinimá Karachi fún ohun tí ó lé ní irínwó ọ̀sẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn ogun. Runa Laila, ẹni tí wọ́n bí ní Sylhet ní ọdún 1952 tí ó sì di olókìkí ní Pakístàn, padà sí Bangladesh ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi sílẹ̀ kò yé gbọ́ orin rẹ̀. Alamgir ní tirẹ̀ gbé gìtá wá sí Karachi nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ orin Urdu ìgbàlódé di ohun tí ènìyàn ń jókòó de lórí tẹlifíṣàn. Ohun tí òṣèlú kò rí so pọ̀, àwọn wọ̀nyí so ó pọ̀ sórí àwo orin. Àwọn tí wọ́n ń jó sí i kò sì béèrè ilé baba akọrin.

Ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra níhìn-ín o. Àwọn àgbà Karachi máa ń sọ̀rọ̀ ọdún 1966 bí ẹni pé Párádísè ni ìlú wọn jẹ́. Ológun ni ó wà lórí oyè nígbà náà, Ayub Khan, ẹni tí ó gbàjọba ní ọdún 1958. Ogun pẹ̀lú Íńdíà kò sì tíì pé ọdún kan tí ó parí. Orin a máa fọ ojú àtijọ́ mọ́ ju bí ó ti mọ́ lọ. Èyí wà lára adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí nípa bí ayé ti rí.

Ní ọdún 1977, ojú ọjọ́ yí padà. Ní oṣù kẹrin, ìjọba Zulfikar Ali Bhutto fòfin de ọtí, wọ́n sì ti ilé ijó alaalẹ́ pa. Ní oṣù keje, ọ̀gágun Zia-ul-Haq gbàjọba. Àwọn obìnrin tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn ní láti bo orí, ijó sì di ohun ìfura. Inú àkókò yìí gan-an ni orin tí ó tàn jù lọ ti jáde, láti ẹnu ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Karachi ni wọ́n ti bí Nazia Hassan ní ọdún 1965, ó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Biddu, ọmọ Bangalore tí ó ti ṣètò “Kung Fu Fighting” fún Carl Douglas ní ọdún 1974, ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún fíìmù Íńdíà kan, Qurbani, tí ó jáde ní ọdún 1980. Ọdún kejì ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ Filmfare nítorí orin náà. Ní ọdún 1981 kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Zoheb, gbé àwo orin Disco Deewane jáde.

Láti ọdún 1965 ni ìjọba Pakístàn kò ti fàyè gba fíìmù Íńdíà mọ́ ní ilé sinimá, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ọmọ Pakístàn fi gbọ́ orin ọmọ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì kò béèrè àyè lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí epo ti sọ dọlọ́rọ̀ ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bọ̀ wálé. Oníṣọ̀ọ̀bù kékeré lè fi kásẹ́ẹ̀tì kan bí mìíràn láàrin òru. Nígbà tí kò sí ilé ijó mọ́, yàrá di ilé ijó, ọkọ̀ di ilé ijó, alẹ́ tí wọ́n ń lé làálì fún ìyàwó sì di ibi tí àwọn obìnrin ti ń kọ orin náà láàrin ara wọn. Àwọn akọrin obìnrin fíìmù tẹ́lẹ̀ ní ohùn gíga tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ohùn Nazia tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba imú díẹ̀, ó sì dà bí ti ọmọ ilé-ìwé tí ń kọrin níbi tí ó ti ń wẹ abọ́. Ọmọbìnrin èyíkéyìí lè kọ ọ́ láìtijú. Bí ilé sinimá ìbá ti máa wà bíi ti tẹ́lẹ̀, bóyá orin náà ìbá ti wọlé kí ó sì jáde bí orin fíìmù mìíràn. Dídí tí wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀ níta ni ó sọ ọ́ di ohun ìní ilé, ohun tí ènìyàn sì gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ kì í tètè gbàgbé.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò níí gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ Vital Signs gbé “Dil Dil Pakistan” jáde ní ọdún 1987. Zia kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní ọdún 1988, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, tẹlifíṣàn ìjọba fi Nazia àti Zoheb ṣe atọ́kùn ètò Music '89. Junaid Jamshed, ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú “Dil Dil Pakistan”, padà kọ orin sílẹ̀ láti máa wàásù, títí ọkọ̀ òfúrufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 2016. Ó kọ orin sílẹ̀, ṣùgbọ́n orin kò kọ̀ ọ́. Nazia ní tirẹ̀ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 2000, nígbà tí ọjọ́ Òmìnira Pakístàn ku ọ̀la. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á, ẹni ọdún márùndínlógójì. Ohùn rẹ̀ tún jáde nínú fíìmù Íńdíà Student of the Year ní ọdún 2012, àwọn tí wọ́n sì ń jó sí i níbẹ̀ jẹ́ irú ẹni tí ó lè bí.

Títún orin kọ nìkan kọ́ ni ó fa ìbínú ọdún 2018. Ní ọdún 1983, ọdún tí Rushdi kú, tẹlifíṣàn Pakístàn ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Silver Jubilee, níbi tí àwọn Benjamin Sisters, ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ará Karachi, ti ń tún orin fíìmù àtijọ́ kọ. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ọ nílé kí ó tó gbé e dé ìta, ẹ̀rín inú orin sì wà ní ipò rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni àwọn tí wọ́n bínú ní ọdún 2018 wá, tí wọn kò rí. Rohail Hyatt, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù nínú Vital Signs, ni ó dá Coke Studio Pakístàn sílẹ̀ ní ọdún 2008, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n tún “Ko Ko Korina” ṣe. Ní ọdún 2019, ó padà sí ìdí iṣẹ́ náà.