Ọkọ̀ inú páálí: iṣẹ́ àwọn atajà tó di iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé

Ìtàn tí a mú wá lónìí kò kan ọba, kò sì kan ogun. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ike ṣe ni, èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, tí yóò sì kùn ún lọ́dà. Maquette ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí eré ọmọdé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Kì í ṣe torí eré nìkan. Àwọn tó ń wá oníbàárà kiri wà lára àwọn tó bí i.

Ní 1939, ọkùnrin ará Hungary kan, Nicholas Kove, dá ilé iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan ìṣeré rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló kọ́kọ́ ń ṣe, ó sì tún ṣe òòyà. (Aṣòòyà wá di aṣọkọ̀: ayé mà ń yí o!) Ní 1949, Ferguson tó ń ṣe katakata fẹ́ ohun tí àwọn atajà rẹ̀ lè gbé lọ han àwọn oníbàárà. Ta ni yóò ki katakata sí abíyá lọ sílé àgbẹ̀? Ni Airfix bá fi ike ṣe kékeré rẹ̀ fún wọn. Títò ó pọ̀ ní ilé iṣẹ́ kò rọrùn rárá, nígbà tó sì yá, wọ́n ń tà á ní wẹ́wẹ́ fún ará ìlú: kí ẹni tó rà á tò ó fúnra rẹ̀. Ní 1952 wọ́n ta ọkọ̀ ojú omi Golden Hind nínú ọ̀rá ní ilé ìtajà Woolworths, ṣílè 2 péré. Ọjà náà tà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. AMT bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ Ford ni ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sì ń lọ. Ọ̀dà Ford gan-an ni wọ́n fi kùn ún. Irú ike tí wọ́n kọ́kọ́ lò máa ń wọ́ bí ọdún bá ti gorí ọdún, ni wọ́n fi bọ́ sí polystyrène. Ní 1958 wọ́n gbé páálí kan jáde tí ọmọ lè fi tò ọkọ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, tàbí kó dárà sí i, tàbí kó sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje.

Àwọn Faransé náà ní Heller láti 1957. Ilé iṣẹ́ yìí ló ṣe dèṣáàvù kékeré, 2CV tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ gidi gùn tó mítà 3,83. Bí a bá pín in sí 24, sẹ̀ǹtímítà 16 ló kù. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ ìṣirò nìyẹn!

Bí a ṣe ń tò ó ló dùn jù. Àwọn wẹ́wẹ́ náà so mọ́ ọ̀pá ike bí ilá ṣe ń so mọ́ igi. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé wọn, a kì í lọ́ wọn já. A ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, torí òróró tó bá kù lára ike kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì í mú. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í kàn lẹ nǹkan pọ̀ lásán: ó ń yọ́ etí ike méjèèjì, wọ́n á wá di ọ̀kan. Ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan tó bá kán sórí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn. A ó kun inú ọkọ̀ àti ara rẹ̀ kí a tó fi gíláàsì sí i. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta dára ju èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ, àárín wọn sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Àwọn oníwàdùwàdù kì í lè dúró, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ wọn ti ń bàjẹ́.

Ohun tó wọ́n jù nínú òwò yìí ni múùlù, irin tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ tí ike ń ṣàn sí. Ní 1986, Airfix bọ́ sọ́wọ́ Humbrol, wọ́n sì kó múùlù rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ Heller ní Trun, ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí Heller dẹnu kọlẹ̀ ní 2006, Humbrol náà ṣubú, Hornby ló sì wá ra Airfix.

Àwọn ọmọ tiwa kò ní múùlù. Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, wáyà ni ìdarí, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti já ni táyà. Kò sí ìwé tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ tó kọjá lọ ní títì. Lójú tiwa, iṣẹ́ yìí le ju ti inú páálí lọ, síbẹ̀ ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ òbí ń pè é, wọ́n á sì gbá a sórí ààtàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ní Kétu tàbí ní Pọ̀bẹ̀, irú ọkọ̀ wo lẹ ṣe, kí lẹ sì fi kùn ún?