Rósárì: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Sọ Ọ́ Lásọtúnsọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, ibi àìsùn òkú kan ní agbègbè Obajana wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá tó pa ipò dà. Bí àwọn ìyá ìjọ ṣe mú rósárì jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé, tó ń lọ sí ìjọ mìíràn, dìde pé kí wọ́n má ṣe é. Ó ní Jésù ti kọ àtúnwí asán nínú Mátíù orí 6 ẹsẹ 7. Ibẹ̀ fẹ́ dàrú. Nítorí pé èmi ni wọ́n mọ̀ sí akọ̀wé ìjọba, wọ́n ní kí n dá sí i. Ohun tí mo sọ lálẹ́ ọjọ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti lọ ka ìtàn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn mọ́ńkì a máa ka gbogbo Sáàmù 150. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ̀wé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá ń fi "Baba wa" 150 rọ́pò, wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí okùn tí wọ́n ta ní kókó ka iye rẹ̀. Nígbà tó yá, "Mo kí ọ Màríà" gba ipò náà. Ìwé Sáàmù ti púrúǹtù ni rósárì. Ọ̀pọ̀ wa la kọ́ pé Màríà fúnra rẹ̀ ló fi lé Dómíníkì Mímọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kò rí ẹ̀rí èyí láti ìgbà ayé Dómíníkì, tó kú ní 1221. Póòpù Pius Karùn-ún fọwọ́ sí bí a ṣe ń gbà á ní 1569. Ní 2002, John Paul Kejì fi Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ kún un, 150 sì di 200.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ àtúnwí. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Mátíù 26 ẹsẹ 44 sọ pé Jésù gbàdúrà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Sáàmù 136 ní ẹsẹ 26, ègbè kan náà ló sì parí gbogbo wọn. Àtúnwí nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, asán ni. Èyí tó tilẹ̀ yé mi jù ni pé ìkíni ni ìbẹ̀rẹ̀ "Mo kí ọ Màríà". Ìkíni áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì àti ti Èlísábẹ́tì nínú Lúùkù orí 1 ni. Ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìjọ ló fi kún un nígbà tó yá. Ta ni nínú wa tó kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ àná tó wá sọ pé òun kò ní kí i mọ́ lónìí? Bí a bá ń ki ènìyàn ní oríkì, ta ló ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó? Àwọn Mùsùlùmí wa náà ń fa tẹ̀sùbáà ní 33, 33.

Ọwọ́ ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ẹnu ń kíni, ọkàn sì ń bá Jésù rìn láti ìbí rẹ̀ títí dé àjíǹde. Bí ọkàn kò bá bá a lọ, ọmọkùnrin yẹn jàre. Póòpù Paul Kẹfà náà sọ ọ́ ní 1974 pé rósárì láìsí àṣàrò dà bí ara tí kò ní ẹ̀mí.

Kí fadá kankan tó máa gbé Èkó ní 1868, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì dé, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn fadá SMA dé Lọ́kọ́ja ní 1884, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́. Àsàbà ni wọ́n kó lọ ní 1888. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fadá lè má wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́. Rósárì ni kátíkíìsì àti àwọn ìyá wa ń gbà láti fi di ìjọ mú. Púpọ̀ nínú wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn a máa sọ ìtàn Jésù tẹ̀lé ara wọn láìṣì í, nítorí wọ́n ti kà á lórí ìlẹ̀kẹ̀ 59 lóṣooṣù Ọkitóbà. Ọ̀kan nínú wọn ni olóògbé tí à ń wí yìí.

Ní àìsùn náà, àwọn àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí a fi ohun tí màmá fẹ́ sin ín. Wọ́n gba rósárì náà parí. Ọmọ náà kò dáhùn sí i, ṣùgbọ́n kò jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó ń bi àwọn ìyá ìjọ bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ìyá òun wà lọ́dọ̀ wọn.