Eré Àtúmọ̀ Lórí Ìtàgé Amsterdam ní Ọ̀rúndún Kejìdínlógún

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo kà á nínú ìwé pé àkókò ìfàsẹ́yìn ni ọ̀rúndún kejìdínlógún jẹ́ fún eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ Hólàǹdì. Ẹ̀rí tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni pé eré àtúmọ̀ ló gba orí ìtàgé kan. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà; n kò gbà á gbọ́ mọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ní ọdún 1638 ni wọ́n ṣí Schouwburg, ilé eré ìlú Amsterdam. Eré tí Vondel, akéwì wọn ńlá, fi èdè Dutch kọ ni wọ́n fi ṣí i. Owó tí àwọn òǹwòran ń san níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ran ilé àwọn ọmọ òrukàn àti ilé àwọn arúgbó lọ́wọ́. Irú ilé eré bẹ́ẹ̀ kò lè ti ilẹ̀kùn títí Vondel mìíràn yóò fi dìde. Ó nílò eré púpọ̀, ilẹ̀ Faransé ni ó sì ti rí èyí tí ó pọ̀ jù. Ní 1669, Lodewijk Meyer, Andries Pels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Nil Volentibus Arduum sílẹ̀. Wọ́n fi ìlànà àwọn Faransé ṣe òṣùwọ̀n eré, wọ́n sì ń túmọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là ni Corneille, Racine, Molière àti, lẹ́yìn wọn, Voltaire gbà di ẹni tí òṣèré ń fi èdè Dutch sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Hamlet. Ní Paris, ní 1769, Ducis gbé Hamlet tirẹ̀ jáde. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí ẹlòmíràn ti fi èdè Faransé kọ ni ó gbára lé. Ó sọ Ophelia di ọmọ Claudius, kò sì jẹ́ kí Hamlet kú ní ìparí. Ní 1777, obìnrin kan, M. G. de Cambon-van der Werken, gbé Hamlet jáde ní èdè Dutch. Ní 1786, A. J. Zubli tún túmọ̀ iṣẹ́ Ducis. Ẹni tí ó bá ń wá Shakespeare nìkan yóò sọ pé àdàmọ̀dì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ohun tí àwọn ará Hólàǹdì gbọ́, tí wọ́n sì sunkún sí, ibẹ̀ ni yóò ti rí i.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1772, iná jó Schouwburg nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀mí ṣòfò. Eré olórin Faransé kan tí a túmọ̀ ni ó wà lórí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé tuntun ní 1774, eré tí ọmọbìnrin ilẹ̀ wọn, Lucretia Wilhelmina van Merken, kọ ni wọ́n fi ṣí i.

Nínú èyí ni ẹ̀kọ́ wà. Eré ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Eré àtúmọ̀ ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì. Òpìtàn a máa rántí ọjọ́ ìṣílé, a sì gbàgbé ọ̀pọ̀ alẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Bí a ti ń sunkún, à máa ríran. Atúmọ̀ tí ó fi ewì Dutch ro ẹjọ́ Racine, òǹkọ̀wé Dutch ni. Ìtàn lítíréṣọ̀ tí kò bá ka irú wọn kún kò tíì pé.