Wáráńtì

Ìfọwọ́sọ̀yà ni wáráńtì, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà kò ṣe onídùúró fún ohun tí òun kọ́ ló bà jẹ́. Ẹ wo bátìrì ọkọ̀: yàrá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ní àbùkù láti ilé iṣẹ́, kí ọlọ́jà pààrọ̀ bátìrì náà. Bí àìtọ́jú bá pa á, ẹni tó rà á ló ni àdánù.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó gbé mọ́tò wá ṣe Ojúde Ọba, tó fi í sílé, tó sì wọ bàálù padà sí Lọ́ńdọ̀nù, bátìrì tó ti kú ló máa bá ní Iléyá èèmíì. Bátìrì tí iná gbẹ nínú rẹ̀ pẹ́, nǹkan funfun a bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gbaná dáadáa mọ́. Kí ríwáyà kúkú yọ wáyà orí nẹ́gétífù kí ẹ tó lọ, kí iná má baà tètè gbẹ.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi mítà wọn bátìrì náà lójú yín: bátìrì tó yó, tó ti sinmi, á fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ alternator tó ń ṣáájì bátìrì wò pẹ̀lú, torí bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ náà á tún kú. Bátìrì tó bá ní ìdérí, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga. Bí ọlọ́jà bá sì fi ẹ̀tọ́ yín dù yín, òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 wà. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kí ẹ fẹjọ́ sùn.