Ṣúgà Inú Ìtọ̀: Ìtàn Àtọ̀gbẹ àti Kíndìnrín

Bí ẹnì kan ní Òkè-Afá bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí èèrà sì ń bo ìtọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà yóò ní àtọ̀gbẹ ni. Láti ara ìtọ̀ ni wọ́n ti mọ àrùn náà. Ọ̀nà ìtọ̀ kan náà ni ìtọ́jú tuntun gbà.

Kíndìnrín ni asẹ́ ẹ̀jẹ̀. Lóòjọ́, nǹkan bí 180 gíráàmù ṣúgà ń gba inú asẹ́ náà kọjá, àwọn aláàrù inú rẹ̀ a sì kó o padà sínú ẹ̀jẹ̀, àní nígbà tí ṣúgà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, asẹ́ náà a bàjẹ́ láìsí ìrora.

Ní 1835 ni a rí phlorizin nínú èèpo igi ápù. Ní 1886 ni Josef von Mering, oníṣègùn ará Jámánì, fi hàn pé ó ń tú ṣúgà sínú ìtọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ló bí canagliflozin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013. Ó ń dí àwọn aláàrù náà lọ́nà. Ní 2019, ìwádìí CREDENCE fi hàn pé ó ń mú kí ìbàjẹ́ kíndìnrín falẹ̀ lára àwọn tí ó ní irú àtọ̀gbẹ kejì.

Ní Èkó, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní LUTH ní 1981. Ilé ìwòsàn St. Nicholas ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 2000. Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni à ń wá méjèèjì. Kí alátọ̀gbẹ tètè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún: ibẹ̀ ni kíndìnrín ti í kọ́kọ́ ké.